Mo Ké "Okun" Láti Ojú Fèrèsé Mọ́tò

Kàbà,
Ọ̀sán Sátidé.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

N kò gun Òkè Olúmọ rí. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fúyẹ́ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìtàn tí mo máa ń sọ fún ọ nígbà tí o wà ní pírámárì, bí mo ṣe gùn ún dé orí, bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ ṣí fìlà mi lọ, bí mo ṣe rí gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta nísàlẹ̀, inú kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n gbé kọ́ sí ọ́fíìsì àwọn onímọ́tò ni mo ti rí i. Abẹ́òkúta tí mo mọ̀ kò ju gáréèjì lọ: ibi tí wọ́n ti ń ra epo, ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, àti obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì tó máa ń fi ẹran wíńníwínní ṣẹ̀sín ènìyàn. O lọ fi ìtàn náà kọ àròkọ. Tíṣà rẹ kà á sétí gbogbo kíláàsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. O sáré wálé wá fi hàn mí, èmi náà sì pàtẹ́wọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí ni fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ, má ṣì mí gbọ́. Kí ènìyàn máa lọ láti ìlú dé ìlú, kó máa yẹ ẹ̀rọ omi wò fún àwọn aráàlú, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Bàbá, ìlú mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ń di ẹ̀yin. Ẹ wò ó, mo dé Ìkòyí tiwa lónìí, kì í ṣe ti Èkó o." O fi ẹ̀rín sí i.

Mo wo fọ́tò náà títí ojú fi ń ro mí. Inú mọ́tò lo ti yà á, torí mo rí òjìji ìka rẹ lára gíláàsì. Pátákó orúkọ ìlú ló wà níwájú. Lẹ́yìn pátákó náà, igun òrùlé páànù kan tó ti dípẹtà yọ síta. O kò mọ ilé ẹni tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n. O kò dé Ìkòyí, Mojí. O gba iwájú rẹ̀ kọjá, bí èmi náà ṣe gbà á kọjá fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Mo ti ya lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ bá mi nídìí tábìlì, ó ní, "Ta ló ń kọ lẹ́tà láyé yìí? Àbí ìwé ogún lò ń kọ ni?" Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó ní kí n fi fóònù sọ ọ́. Mo ní tí mo bá fi fóònù sọ ọ́, o ó máa ní "ẹn-ẹn Bàbá, ẹn-ẹn Bàbá" bí o ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ á sì wà lára nǹkan mìíràn. Ó ní, "Níbo ló ti rí i kọ́?" Ó bọ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn ti ṣe dáadáa nínú ohun tó fẹ́ sọ. Èmi kò ṣe dáadáa. Fọ́ọ̀mù fáìfù ni mo kà mọ, gbogbo ohun tí mo sì mọ̀ nípa ìrìnàjò, nípa bíba ìrìnàjò jẹ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Kà á bẹ́ẹ̀.

Èkíní. Ọjọ́ kan wà tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́bàá abúlé kan ní ìhà Èkìtì, àárọ̀ ni, èrò sì kún inú bọ́ọ̀sì. Mo rán ọmọ ọkọ̀ mi lọ wá òmíràn, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Àwọn ará abúlé jáde sí wa. Bàbá kan ní, "Ẹ má jókòó sínú oòrùn, ẹ wá sábẹ́ igi. A ń sun iṣu lọ́wọ́." Gbogbo èrò tẹ̀lé e lọ. Èmi kọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò mi, mo ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní ohun kan tí mo lè ṣe níbẹ̀ láìsí bẹ́líìtì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan pàdé mi lọ́jà Kàbà níbí. Ó ní, "Awakọ̀, o rántí omi yẹn?" Mo ní omi wo. Ó ní omi tó ń jáde lábẹ́ àpáta lẹ́yìn abúlé náà, pé bàbá yẹn mú wọn débẹ̀, pé ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí eyín fi ń ro wọ́n, pé obìnrin kan láàárín wọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó ní ọjọ́ tí mọ́tò mi bàjẹ́ ló dùn mọ́ òun jù ní gbogbo ọdún náà. Mo dúró níbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀dẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ni mo rántí. Mo ṣì lè sọ nọ́ńbà ara rẹ̀ fún ọ.

Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá dá yín dúró, tí òjò bá dá yín dúró, tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ omi kò bá tíì dé, má ṣe gbé ojú lé aago. Tí ẹnì kan bá ní "yà wá", yà. Má kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà níbẹ̀. Tí o bá ti bèèrè, o ti ń wọ̀n ọ́n bóyá ó tó ohun tí o lè torí rẹ̀ yà.

Èkejì ni ìwé tí o ń kọ orúkọ ìlú sí, tí o ń fa ìlà lé wọn lórí bí o bá ti débẹ̀. O fi hàn mí nígbà Kérésìmesì, inú rẹ ń dùn. Èmi náà ní irú rẹ̀, inú orí mi ló wà. Ní gáréèjì, tí àwọn awakọ̀ bá jókòó, a máa ń ka ìlú fún ara wa bí ẹni ń ka oyè. Ẹnì kan á ní òun ti dé ibí, ẹlòmíràn á ní òun ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi kan, ọmọ Mópà, ló fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ kan. Ó ní, "O ní o mọ Òṣogbo. Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé níbẹ̀." Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo dárúkọ alága gáréèjì. Ó ní, "Ìyẹn tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì bá wọn rín in. Ìbéèrè yẹn ni kí o máa bi ara rẹ tí o bá fẹ́ fa ìlà lé orúkọ ìlú. Tí o kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, má fa ìlà.

Ó yẹ kí n kọ ẹ̀kẹta báyìí. Ẹ̀kẹta yìí ni mo jókòó kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀, àwọn tó kù, mo kàn fi wọ́n ń falẹ̀ ni.

O mọ̀ pé ọmọ Ìkòyí ni Ìyá Àgbà rẹ, ìyá tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù sílé bàbá wọn. Rábì ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Ìkòyí ni èmi ń pè é. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, ìyá mi nìkan ló di onígbàgbọ́ nígbà tó lọ́kọ sí Kàbà, kò sì sí ẹni tó bá a jà sí i. Ilé wọn kò jìnnà sí títì rárá. Tí mo bá tẹ bíréèkì, iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni bọ́ọ̀sì máa dúró sí.

Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń jáde, ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bó o bá dé Ìkòyí, sọ̀ o. Má kàn kọjá. Jókòó díẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi rí ojú rẹ."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Jókòó ni mo wí."

"Màmá, àwọn èrò ń dúró."

N kì í sọ̀. Màá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, màá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, màá ké "Okun o." Àwọn náà á dáhùn, "Okun." Mọ́tò kò ní dẹ ìrìn. Tí mo bá délé, màá ní mo yà. N kò rò ó sí irọ́ nígbà náà. Mo kí wọn, wọ́n jẹ́ mi, kí ló tún kù?

O ti pẹ́ níta, Mojí, jẹ́ kí n rán ọ létí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lẹ́nu wa. Ẹni tó ń ro oko, okun. Ẹni tó ti ọ̀nà dé, okun. Ẹni tó bímọ, okun. Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú, okun náà ni. Ojú ẹni tó ń kíni àti bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ la fi ń mọ èyí tó ń kí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré kò ní ojú, kò sì ní ohùn.

Ìgbà kajú ni. Fóònù kò tíì dé ìhà wa. Mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù, bí mo ṣe máa ń kọjá lójoojúmọ́ tí mo bá wà lọ́nà. Mo rí i pé wọ́n pọ̀ níta, wọ́n jókòó lórí ẹní. Ọkùnrin kan dúró sétí títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo rò pé ó fẹ́ wọkọ̀. Ọkọ̀ mi kún. Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo na ọwọ́, mo ní "Okun o." Wọ́n dáhùn. Mo gbọ́ ọ pé ìdáhùn náà rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní oòrùn ló mú wọn.

Mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ iṣu tó fẹ́ fi ṣe èlùbọ́.

"O yà?"

"Mo yà."

"Báwo ló ṣe wà?"

"Ó jókòó síta. Ó ní okun."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́?"

"Ó ní ó ti fúyẹ́."

Mo tún fi kún un pé ó ní òun ń bọ̀ ní Kàbà lọ́jọ́ ọjà. Títí di òní n kò mọ ohun tó mú mi fi ìyẹn kún un. Bóyá torí inú rẹ̀ ń dùn ni. Ó ní, "Jẹ́ kí n tètè bẹ ẹ́ tán nígbà náà, kó lè rí lára rẹ̀ mú lọ." Ó tún kó iṣu mẹ́ta sí i.

Sùlé, ọmọ Ìyá Ìkòyí, dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Okun, Màmá."

"Okun, Sùlé. Ìyá rẹ ńkọ́? Wọ́n ní ẹsẹ̀ ti fúyẹ́."

Sùlé wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

"Màmá, a ti sin wọ́n lánàá."

Ìyá mi ní, "Ẹ sin ta?"

"Àárọ̀ ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n fẹ́ rán ẹnì kan sí yín, èmi ni mo ní kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni, pé bọ́ọ̀sì Bọ̀dá á kọjá ní agogo méjì, òun ni yóò gbé yín wá. Mo dúró sétí títì. Bọ̀dá kí wa, wọ́n ní okun. A ní wọ́n ti gbọ́ nìyẹn. A ní bí wọ́n bá ti gbọ́, ẹ ti gbọ́, ẹ ń bọ̀. A dúró dè yín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ààfáà ní kò ṣeé dá dúró mọ́." Ó gbé agolo náà sílẹ̀. "Àwọn kan ní bóyá ẹ kò fẹ́ wá síbi tí ààfáà wà. Mo ní Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi kò ké. Ọ̀dọ̀ mi ló yíjú sí. Ó ní, "Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà." Kò bi mí ní ìbéèrè. Ó kàn sọ ohun tí mo sọ fún un padà fún mi. Ìlú kan sí èkejì lásán ni, Mojí. Nígbà tó ń bẹ iṣu yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, ó ń dúró dè é, èmi sì jókòó tì í mo ń mu omi.

Kajú yíyan ló kún inú agolo náà. Sùlé ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá òun ti yan án sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tí màá sọ̀ kó fi rán mi. Ó ní tó bá ti gbọ́ fèrè mi, á gbé agolo, á dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Kó tó dé títì, mo ti lọ.

Ìyá mi kò fi ẹyọ kan kan ẹnu nínú rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ló pín in fún. Agolo ló kù. Òun ni agolo tí o ń kó bírò sí nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ṣì wà lórí tábìlì rẹ.

Nígbà tí o dàgbà tí o bèèrè ìdí tí a kì í fi í lọ Ìkòyí, mo ní ẹ̀sìn ló fà á, pé wọ́n kò fẹ́ràn àwa onígbàgbọ́. Irọ́ burúkú ni. Ẹran Iléyá tí a máa ń jẹ nílé yìí lọ́dọọdún, tí mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìyàrá ló ń fi ránṣẹ́, Sùlé ni. Kò dáwọ́ dúró rí. Ojú tì mí láti débẹ̀, mo wá di ẹ̀ṣẹ̀ náà lé wọn lórí kí ẹ̀yin ọmọ má baà bi mí mọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, èyí ló nira fún mi jù láti kọ.

Ìyá mi lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò bá mi jà. Kò ní kí n yà síbìkan mọ́. Tó bá fẹ́ lọ Ìkòyí, á wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti ọ̀nà dé, á gbójú sókè nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní "Okun." N kò mọ èyí tó jẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó ń kí mi kú ìrìn, tàbí ó ń kí mi bí a ṣe ń kí ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. N kò bi í. Ó kú, n kò bi í.

Nítorí náà má tún kọ ọ́ sí mi mọ́ pé o ti ń di èmi. O rò pé ìyìn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe pẹ̀lú irú iṣẹ́ rẹ. Ìlú tí o bá dé, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Fi fóònù sínú àpò, jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ojú rẹ kí ojú ẹ̀rọ tó rí wọn. Bèèrè bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí káàárọ̀, kò sì sí ohun tó ń bàjẹ́ tí ènìyàn bá ṣì í kí. Jókòó ti ẹnì kan títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ ó sì ṣì jókòó. N kò ṣe èyí rí, mo kàn ń rí àwọn tó ń ṣe é láti ojú fèrèsé. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tún padà lọ sí ọ̀kan nínú ìlú mọ́kànlá yẹn lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ń bọ̀. Jí, kí ẹsẹ̀ rẹ kàn gbé ọ lọ. O máa ní ọ̀gá rẹ ò fún ọ láyè, pé dírẹ́bà yín ń kánjú. Mo mọ dírẹ́bà yẹn. Ó ní ìyá nílé tó ń bi í léèrè bóyá ó yà. Sọ fún un pé kó dúró.

Mojí ọmọ mi, n kò mọ̀ bóyá o ó máa wò mí bákan náà tí o bá ka èyí tán. O lè bínú. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Ìkòyí nìkan, mo bẹ̀ ọ́, yí i padà lọ́kàn rẹ lónìí, má dúró de ìgbà tí ìwọ àti èmi máa ríra.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ta bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ n kò lè jókòó sójú kan. Gbogbo ọ̀sán ni mo ń lọ dúró ní ìkóríta, mo ń wo mọ́tò àwọn ẹlòmíràn, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ ló ń yún mi. Ìlú kan ṣoṣo ni n kò tíì dé.

Lọ́la ni mo ń lọ. Ìyá rẹ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, màá sọ fún un tí mo bá fi òǹtẹ̀ lé lẹ́tà yìí tán. N kò ránṣẹ́ sí Sùlé. Màá wọ mọ́tò bí èrò, màá jókòó sẹ́yìn. Tí a bá dé iwájú òrùlé yẹn, màá ní kí awakọ̀ dúró, màá sì sọ̀. Màá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá jẹ́ kí wọ́n wo ojú mi dáadáa kí n tó ní okun, kí wọ́n lè mọ èyí tí mo ń kí. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó, màá jókòó. Tí wọn kò bá sọ bẹ́ẹ̀, màá dúró.

Mo ti kó àwọn bírò rẹ sí ojú fèrèsé. Agolo náà wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ.